Àjèjì Mẹ́ta Nílé Àwòrán

"Mummy, má wá."

Ohun kan ṣoṣo tí ọmọ mi bẹ̀ mí nìyẹn. Kò ní kí n ra nǹkan kan fún òun. Kò ní kí n gbààwẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọ̀hún kó tó sọ̀rọ̀ tán. Kí n ṣáà jókòó sílé wa ní Thamesmead, kí n mu tíì mi, kí n máa wo ojú fèrèsé. Ẹni tí wọ́n bá ní kó má ṣe nǹkan kan, ṣé ìyẹn náà tún le ni? Fún èmi, ó le.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Ìlú òyìnbó yìí ni mo bí ọmọbìnrin mi yìí sí. Ó lọ sí yunifásítì, ó kàwé jáde, àwòrán ló sì kà. Kì í ṣe pé ó ń ya àwòrán o. Ó kàwé nípa àwòrán tí àwọn ẹlòmíì ti yà, tí àwọn náà sì ti kú. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ fún mi, mo bi í pé ta ló máa wá gbà á síṣẹ́, ṣé àwọn òkú náà ni? Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò ṣàwàdà.

Ó wá ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan, ibi tó ti ń dá àwọn èèyàn lóhùn lórí fóònù látàárọ̀ dalẹ́. Inú mi dùn. Àmọ́ tó bá ti di ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ilé àwòrán kan báyìí láàárín ìlú ló ń lọ, tó ń bá wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó ń júwe ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà fún àwọn àlejò. Lọ́fẹ̀ẹ́! Èmi tí mo ti fi ẹ̀yìn mi gbé àwọn arúgbó òyìnbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga títí ẹ̀yìn ọ̀hún fi di ohun tí mò ń fi róòbù pa kí n tó sùn, ọmọ tèmi ń júwe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bínú títí, ó rẹ̀ mí, mo dákẹ́.

Ìgbà tó yá, àyè iṣẹ́ gidi kan ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ olówó oṣù: ẹni tí yóò máa mú àwọn àlejò yí ilé náà ká, tí yóò máa ṣàlàyé àwòrán fún wọn. Ọmọ mi àti ẹnìkan péré ló ṣẹ́ kù nínú àwọn tó ń wá a. Ìdánwò ìkẹyìn ni pé kí ó mú àwọn àlejò tó bá wá láàárọ̀ ọjọ́ kan yí ká, kí obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, kó máa wò ó. Òfin wọn sì le. Kò gbọdọ̀ sí mọ̀lẹ́bí tàbí ọ̀rẹ́ láàárín àwọn àlejò náà. Àjèjì pátápátá ni wọ́n fẹ́, torí ẹni tó bá mọ̀ ẹ́ á ti rẹ́rìn-ín kó o tó dá àpárá tán.

Ọmọ mi fẹ́ iṣẹ́ yìí débi pé kò jẹun dáadáa mọ́. Mo máa ń gbọ́ ọ nínú yàrá rẹ̀, tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀, tó ń sọ fún ògiri pé "ẹ káàbọ̀, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibí." Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà á. Tuesday ni, àárọ̀ ni, ìròyìn sì ti ní òjò máa rọ̀. Ó ní tí èèyàn ò bá pọ̀ tó, wọn ò ní ṣe é, wọ́n á sún un síwájú, wọ́n á jẹ́ kí ẹnì kejì kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀.

Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tó sọ: ẹ̀rù ń bà á pé èèyàn ò ní wá! Lọ́dọ̀ wa, èèyàn laṣọ. Ọmọ wo ló máa lọ dúró níwájú àwọn tó fẹ́ dán an wò, tí kò ní sí ẹnìkan péré tó máa dúró lẹ́yìn ẹ̀? Ṣé ọmọ aláìníyàá ni? Òfin ní kò gbọdọ̀ sí mọ̀lẹ́bí. Kò burú. A ò ní jẹ́ mọ̀lẹ́bí. A máa jẹ́ àjèjì. Ìdí sítóòfù ni mo dúró sí tí mo fi rò ó, ó sì dà bí ọgbọ́n lójú mi. Ẹ gbà mí o.

Mo pe ẹni méjì. Èkíní ni àgbà obìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Woolwich tí gbogbo wa ń pè ní Mummy, títí kan àwọn tó ti dàgbà kọjá ẹni tó yẹ kó máa pe ẹnikẹ́ni ní Mummy. Àwọn ló pọn ọmọ mi nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ òru. Èkejì ni ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń gbé nítòsí Plumstead Common. Àárọ̀ Tuesday ló máa ń bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ òru tirẹ̀. Ó ní kò sí wàhálà, òun á sùn nínú rélùwéè. Ó wá bi mí bóyá àga wà nílé àwòrán.

Mo pàṣẹ fún wọn bí ọ̀gágun. A ò mọra wa. A ò gbọdọ̀ kíra wa. A ò gbọdọ̀ jókòó pọ̀. Ẹ má sọ Yorùbá. "Àní ẹ má sọ̀rọ̀ rárá," ni mo wí.

Mummy ní, "Àdúrà ńkọ́?"

Mo ní kí wọ́n máa gbà á sínú.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ pé. Mo jẹ́ kí ọmọ mi kọ́kọ́ jáde, mo gbàdúrà lé e lórí, mo ṣí ilẹ̀kùn fún un bí ẹni tó fẹ́ padà lọ sùn. Kò tíì dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tí mo ti ń wá kóòtù mi. Mo wọ rélùwéè Elizabeth line ní Abbey Wood, mo lọ jókòó sí ìparí ọkọ̀ pátápátá. Ní Woolwich, Mummy wọlé láti iwájú, nọ́ọ̀sì wọlé láti àárín, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe pa á láṣẹ. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní ètò mi ń lọ déédéé. Ọkọ̀ ò tíì jáde nínú ihò tó gba abẹ́ odò kọjá tí mo fi rí Mummy tó ń bọ̀, tó ń di irin mú lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń bi gbogbo èèyàn bóyá wọ́n rí obìnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé.

"Mummy, a ò mọra wa o," mo sọ ọ́ lábẹ́ ètè.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì jókòó tì mí. "Àmọ́ kí n wá dá jókòó níwájú lọ́hùn-ún bí ẹni tó jalè? A ò mọra wa, mo gbà. Jẹ́ ká jọ má mọra wa níbí."

Wọ́n bu ẹ̀pà fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Ẹnu ọ̀nà ilé àwòrán ni mo ti kọ́kọ́ fura pé Ọlọ́run ò sí nínú ètò yìí. Wọ́n máa ń yẹ báàgì wò níbẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn wọlé. Mo gbé báàgì mi sórí tábìlì. Mummy gbé tiwọn tì í. Nọ́ọ̀sì gbé tirẹ̀ náà kalẹ̀. Yéè! Báàgì kan náà ni. Báàgì tí ṣọ́ọ̀ṣì wa pín nígbà àjọ̀dún, tí wọ́n tẹ fọ́tò pásítọ̀ àti ìyàwó wọn sí lára gàdàgbà, tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín sí yín. Pásítọ̀ mẹ́ta àti ìyàwó pásítọ̀ mẹ́ta tò sórí tábìlì kan ṣoṣo.

Ọkùnrin tó ń yẹ báàgì náà wo báàgì, ó wo wa. Bó ṣe tẹrí ba báyìí, mo ti mọ̀ pé ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ó wí. "Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ jọ wá?"

"Rárá o!" la jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ní, "Ó dáa mà," ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má bàa rí ẹ̀rín lójú ẹ̀. A yí báàgì padà kí fọ́tò má hàn mọ́. Fọ́tò wà lẹ́yìn rẹ̀ náà.

Nígbà tí ọmọ mi jáde wá pàdé àwọn àlejò rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó fi káàdì kọ́rùn. Ó rẹwà, ọmọ tí mo bí. Ó kí bàbá òyìnbó arúgbó kan tó mú ọ̀pá dání. Ó kí tọkọtaya kan tó wá láti ìlú òkèèrè. Ó wá yíjú, ó rí Mummy. Ó rí nọ́ọ̀sì. Ó rí mi. Ẹ̀rín ẹnu ẹ̀ ò kúrò, ó kàn gan síbẹ̀ ni. Èmi náà ṣe bí ẹni tí kò rí i, mò ń wo àjà. Kò sí nǹkan kan lára àjà yẹn.

Ó lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Kò sọ ọ́. Bóyá ó rò pé tí òun bá tètè ṣe é, ó lè parí kó tó bàjẹ́. Èmi ni mo bí i, mo mọ ibi tó ti jogún irú ìrònú bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá obìnrin náà dúró lẹ́yìn gbogbo wa, onírun funfun, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ tutù. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbọ̀n, nígbà tó yá ó fìdí múlẹ̀. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn tó ń yàwòrán ní ilẹ̀ Faransé máa ń jókòó sínú yàrá, wọ́n á ya ọba, wọ́n á ya áńgẹ́lì, wọ́n á máa tún un ṣe títí yóò fi máa dán bí ìkòkò tuntun. Àwọn kan wá dìde láàárín wọn, àwọn tí wọ́n ń pè ní Impressionist, wọ́n kó ọ̀dà wọn jáde sí gbangba. Wọ́n ní bí oòrùn ṣe tàn sára omi ní ìṣẹ́jú yìí làwọn fẹ́ yà, kó tó yí padà. Wọ́n ní láti yára, ìdí nìyẹn tí ojú búrọ́ọ̀ṣì fi ń hàn. Àwọn èèyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní iṣẹ́ wọn ò tíì parí.

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo sún mọ́ èyí tó wà níwájú wa, wọ́n ní odò ni, nínú kùrukùru. Mo gbé ojú sí i títí imú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ọ̀dà lásán ni mo rí, páṣapàṣa, bí ìgbà tí èmi fúnra mi kun ilé ìwẹ̀ wa. Mo ní nínú ọkàn mi pé ẹni tó ṣe èyí gbowó lórí ẹ̀?

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀," ọmọ mi wí. Gbogbo èèyàn ló ń bá wí, àmọ́ èmi nìkan ni mo sún mọ́ ọn. "Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn jù, ẹ ò ní rí i."

Mo sún sẹ́yìn. Háà! Omi di omi. Kùrukùru ń rìn lórí ẹ̀. Àfi bíi Woolwich gan-an, láàárọ̀ tí ọkọ̀ ojú omi ò bá lè sọdá nítorí kùrukùru, tí èmi á dúró sétí odò, tí n óò máa ṣépè pé mo ti pẹ́ síbi iṣẹ́. Mo fẹ́ pariwo. Mo gbé e mì. Mi ò mọ̀ pé ohun tí mo fi ń bínú láàárọ̀ ni àwọn kan ń gbé kọ́ ògiri.

Ibẹ̀ ni Mummy ti fẹ́ tún gèlè wọn so, wọ́n sì na báàgì wọn sí mi pé kí n bá wọn mú un. Ẹ wò ó, mi ò rán orúnkún mi níṣẹ́. Àgbà na nǹkan sí mi, orúnkún lọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó ti dé ìdajì kí n tó rántí pé a ò mọra wa. Mo wá ṣe bí ẹni tó ń so okùn bàtà. Bàtà mi ò lókùn. Mo ń fọwọ́ pa bàtà lórí bí ẹni ń pa ológbò lórí, ọ̀gá obìnrin yẹn sì ń wò mí.

Ní ti nọ́ọ̀sì, yàrá kọ̀ọ̀kan ilé àwòrán yẹn ló ní àga gígùn kan láàárín, kò sì fo ọ̀kankan. Tá a bá ti wọ yàrá, á jókòó, á kọjú sí àwòrán, á sùn. Tọkọtaya àlejò yẹn rò pé ó ń ṣe àṣàrò. Wọ́n ń yọ́ ẹsẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Bàbá arúgbó wá sín. Mo rí ètè Mummy tó ṣí. Mo fojú bẹ̀ wọ́n, wọ́n pa á dé. Bàbá tún sín. Omi lé ròrò sójú Mummy. Ẹ ò rí ìyà? Kí àgbàlagbà máa sín níwájú wa, ká máa wò ó bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé! Síbẹ̀ a gbà á mọ́ra. Mo ní tá a bá ti lè kọjá ìyẹn, a ti là.

Yàrá tó kẹ́yìn ni gbogbo ẹ̀ ti dé. Àwòrán kan wà níbẹ̀, obìnrin kan tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó bọ́ bàtà, tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọmọ mi kọjú sí wa, ó ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ bí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣe máa ń rìn. Ẹ̀rù ti kúrò lára ẹ̀. Ó ní, "Ṣáájú àwọn wọ̀nyí, ta ló máa ya irú obìnrin yìí? Ọlọ́lá ni wọ́n ń yà. Àwọn wọ̀nyí wò ó, wọ́n ní bó ṣe rẹ̀ ẹ́ yẹn, ó tó ohun tó yẹ kéèyàn dúró wò." Bó ṣe sọ ọ́ báyìí, ojú ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń sùn lórí àga. Kò wo ẹ̀yìn. Wọ́n na okùn kékeré kan sílẹ̀ níwájú àwòrán kí àwọn bí èmi má bàa fi imú kàn án. Gìgísẹ̀ ẹ̀ kọ́ ọ. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó fìdí jókòó sílẹ̀ gbàgà.

"Pẹ̀lẹ́!"

Igun mẹ́ta ni ohùn náà ti jáde. Èmi ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi!" Mummy ní, "Yéè, pẹ̀lẹ́, ìyá mi, o ò ní fẹsẹ̀ kọ lórúkọ Jésù!" Nọ́ọ̀sì ò lajú, kò gbórí sókè. Ó ní "Pẹ̀lẹ́ o" láti inú oorun, ó sì ń bá oorun ẹ̀ lọ.

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Tí ẹnìkan bá kọsẹ̀ níwájú wa, ẹnu ti sọ ọ́ kí ọpọlọ tó débẹ̀. Àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ mi máa ń bi mí pé kí ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, ṣé èmi ni mo tì wọ́n ṣubú ni? Mi ò ì tíì rí èsì tó yé wọn.

Ọ̀gá obìnrin náà rìn wá síwájú. Èmi tí mo mú báàgì méjì ló kọjú sí, pásítọ̀ kan lápá ọ̀tún, pásítọ̀ kan lápá òsì.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "ṣé ẹ mọra yín ni?"

"Rárá o," mo wí. "Ká mọra wa báwo?"

"Òun ńkọ́?" Ó tọ́ka sí ọmọ mi tó ṣì wà nílẹ̀. "Ṣé ẹ mọ òun?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo rí iṣẹ́ ọmọ mi tó ń fò lọ lójú mi. Mo ní kí n fi ọwọ́ méjèèjì dá a dúró.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí láyé mi," ni mo wí. Mo tún fi kún un pé èmi kàn ń kọjá lọ ni, òjò ló jẹ́ kí n yà. Kò sí àkùkọ nílé àwòrán yẹn, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí n gbọ́ tó kọ.

Wọ́n ní bọ́mọdé bá ṣubú a wo iwájú, bágbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọmọ mi ò wo iwájú, kò wo ẹ̀yìn. Èmi ló wò. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣì ń hanrun.

"Ìyá mi nìyẹn," ó sọ fún ọ̀gá ẹ̀. "Èyí tó mú báàgì méjì yẹn. Mummy yẹn ló pọ̀n mí. Èyí tó ń sùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ni, òun ló kọ́ mi lórin ní Sunday School. Mo mọ gbogbo wọn. Ẹ má bínú."

Wọ́n ní ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí pé ta ló máa ń pọn ìyá ọ̀ràn. Èmi rí i lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀gá náà ò jágbe mọ́ wa. Ì bá tiẹ̀ dáa ká ní ó jágbe. Ó ní ó dára kéèyàn ní alátìlẹ́yìn, àmọ́ òfin lòfin, ti òní ò ní kà. Ẹnì kejì á kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọmọ mi á wá tún tirẹ̀ ṣe, tí àyè bá ṣì wà. Ohun tí ọmọ mi ń bẹ̀rù gan-an ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè láti lọ bá a ṣe. Wọ́n ní kó parí ti bàbá arúgbó àti tọkọtaya yẹn. Àwa mẹ́ta jáde lọ dúró síta nínú òjò, bí ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. Mummy ní, "Ó kúkú sọ̀rọ̀ dáadáa." Nọ́ọ̀sì ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ní ìrọ̀lẹ́, mo se ìrẹsì, mo sì dín dòdò rẹpẹtẹ. Èmi kì í fẹnu tọrọ àforíjì, mo máa ń dín in ni. Ọmọ mi wọlé, ó bọ́ bàtà, kò wo ìdí oúnjẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ní torí kí èèyàn lè pọ̀ ni, mo ní okùn yẹn ò yẹ kó wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo ní ta ló tiẹ̀ ń na okùn sílẹ̀ níbi tí èèyàn ń rìn?

"Mummy, kì í ṣe torí pé ẹ wá," ó wí. Ìgbà tínú bá bí i gan-an nìkan ló máa ń rántí fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, "o" ni ìyókù ọdún. "Kì í ṣe torí pé Auntie ń hanrun. Wọ́n bi yín pé ṣé ẹ mọ̀ mí, ẹ ní ẹ ò mọ̀ mí rí. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ẹ ní ẹ ò mọ̀ mí."

"Iṣẹ́ ẹ ni mo fẹ́ gbà là."

"Mo mọ̀. Àmọ́ kò dùn mọ́ yín nínú rí pé iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ ṣe. Tí wọ́n bá bi yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ́fíìsì lẹ máa ń sọ. Mo kàn rò ó pé bóyá ó rọ̀ yín lọ́rùn ni, láti sọ pé ẹ ò mọ̀ mí."

Mo fẹ́ bínú. Mo wá ìbínú náà káàkiri ara, èmi tí mi ò sọ ọ́ nù rí, mi ò rí i. Ó dùn mí wọra. "Pẹ̀lẹ́" tó fò jáde lẹ́nu mi nílé àwòrán láìjẹ́ pé mo pè é, ìgbà tí mo wá nílò rẹ̀ nínú ilé ara mi, kò fẹ́ jáde. Mo bu dòdò sáwo, mo gbé e kalẹ̀ níwájú ẹ̀, mo kó o kúrò, mo tún gbé e kalẹ̀. Níkẹyìn mo sọ ọ́. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Ó jẹ dòdò kan.

Lọ́jọ́ Sunday, nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ àdúrà dìde, mo dìde. Mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà fún ọmọ mi, pé ó fẹ́ máa ṣàlàyé àwòrán fún àwọn èèyàn nílé àwòrán, pé ó mọ̀ ọ́n ṣe, pé èmi ni mo bà á jẹ́. Àwọn èèyàn wò mí. Ẹnìkan bi mí lẹ́yìn ìsìn bóyá owó wà níbẹ̀. Mo ní kó bi ara ẹ̀.

Ẹnì kejì ṣe tirẹ̀, wọ́n ní ó dára díẹ̀, wọ́n sì ní kí ọmọ mi wá. Ọjọ́ yẹn, mo jókòó sílé. Mo fọ sítóòfù tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo jáde lọ yí adágún omi tó wà nítòsí ilé wa ká, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń wò mí bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Mummy pè láti Woolwich.

"Ṣé ká kàn lọ dúró lódìkejì títì ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mummy, ẹ jókòó."

Wọ́n ní àwọn ti jókòó, àmọ́ bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ àwọn.

Lọ́sàn-án, fóònù mi dún. "Mummy, wọ́n ti gbà mí." Ariwo tí mo pa, aládùúgbò wa wá kanlẹ̀kùn, ó bi mí bóyá kóun pe ọlọ́pàá. Mo dì mọ́ ọn. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀ títí dòní.

Ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi láàárọ̀, ó ní, "Mummy, wá." Mo ní kí n pe Mummy Woolwich? Ó ní kí n dá wá. Mo dá lọ. Báàgì dúdú kan ni mo gbé, tí kò ní ojú ẹnikẹ́ni lára. Àwọn àlejò kún yàrá lọ́jọ́ yẹn, òyìnbó lọ́tùn-ún lósì. Kò sẹ́ni tó ní kí n sún sẹ́yìn, èmi fúnra mi lọ dúró lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí mo ti lè rí i dáadáa.

Ọmọ mi kí wọn káàbọ̀. Ó ní, "Ká tó bẹ̀rẹ̀, okùn wà nílẹ̀ níwájú àwọn àwòrán, ẹ ṣọ́ ẹsẹ̀ yín. Tí ẹnikẹ́ni bá kọsẹ̀, obìnrin kan máa kí i ní pẹ̀lẹ́ láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Kì í ṣe òun ló tì yín o. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìyá mi ni."

Gbogbo wọn yíjú wò mí. Mi ò wo àjà. Mo na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Èmi ni," mo wí. "Mo mọ̀ ọ́n."